Ọkọ̀ Ojú Omi Ló Ń Léfòó, Kì Í Ṣe Taya

Òde Mahin,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀bùn, ọmọ tí mo fi ń yangàn,

Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Òde Mahin dé Igbókòdá, yóò sì ti wọ bọ́ọ̀sì láti Igbókòdá dé Àkúrẹ́. Ìrìn tó rìn ju èyí tí èmi rìn lọ́dún yìí lọ. Nítorí náà, má ṣe kà á wéréwéré bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Jókòó. Bí ẹja tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí bá ṣì kù, tí o sì ń fi púpurú jẹ ẹ́ lọ́wọ́, lọ fọwọ́ kí epo má bàa ta sí ìwé mi.

Ara gbogbo wa le. Ìyá rẹ ń yan ẹja bí ẹni pé ọ̀la ni ọjà yóò tú. Ìyá àgbà wà níbi tí o fi wọ́n sí, lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí omi tí wọn kò rí dáadáa mọ́. Bí ọkọ̀ kan bá ń kọjá, wọ́n á gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Wọn kì í ṣì í. Àwa tí ojú wa là la máa ń ṣì í.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù kò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, o ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá mi," nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì bá ọ gbè, á já. Ìwé kì í já. Mo mọ̀ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ taya, odindi ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Fọwọ́ ara rẹ gé e sí méjì bó bá ti pọ̀ jù.

Kí n tó bá ọ wí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wíwí nìkan ni mo mọ̀. Ọjọ́ tí o pè wá pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́, mo dákẹ́ lórí fóònù, o sì ń pariwo pé, "Bàbá mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹkún ni. Nígbà tí o tún wá sọ pé o ti ra ọkọ̀, mo jáde sórí afárá pákó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn tí n kò kí rí. Ìdílé wa kì í ṣe ìdílé tí kò ní ọkọ̀. Bàbá mi kan ọkọ̀ títí ó fi kú, èmi náà ń kan ọkọ̀, ọkọ̀ tí mo kàn sì wà láti ibí dé Molutẹ̀hìn. Àmọ́ omi ni gbogbo wọn ń gbé. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wa tí yóò ní ọkọ̀ tí a kò ní máa gbọ́n omi inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń pè mí ní Bàbá Ọlọ́kọ̀. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kí wọ́n lè tún un pè.

Ó dáa. Ìyìn ti tán, ó kan ìbáwí.

Ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú nìyí, mo rántí rẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́: "Bàbá mi, mẹkáníìkì ní taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fẹ́ẹ̀ jẹ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ní eyín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi gbé ìyá àgbà dé Àkúrẹ́ ná, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú wọn. Lẹ́yìn náà, n ó wá tokunbọ̀ tó dára." O sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. "Ná" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ rẹ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. "Bá mi dí ibi tó ń jò yìí ná, kí n fi ré kọjá." "Jẹ́ kí n fi lọ ọjà ná, n ó gbé e padà wá." Mo mọ àwọn tó gbé e padà wá. Mo sì mọ àwọn tí a lọ fi ọkọ̀ mìíràn wá.

Ìyá rẹ ti sọ ìtàn taya mi fún ọ títí ó fi dà bí orin lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ti sọ ọ́ tán, gbogbo yín á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì bá yín rẹ́rìn-ín kí ẹ má bàa rò pé inú ń bí mi. Lónìí, gbọ́ apá tèmi, nítorí ìyá rẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí mo rò tó fi ṣẹlẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa nígbà náà. Ọkùnrin kan tí mo máa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, tó ń gbé ní Òkìtìpupa, ní bọ́ọ̀sì tó fi ń kó ẹja láti Igbókòdá lọ sí Oǹdó. Àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó sì ní kí n máa bá òun wà á. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n wà. Ẹni tó ti fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọ ìgbì ní Aràròmí, kí ni sítíárì fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Bí mo ṣe ń rò nìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ jáde fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Nígbà tó yá, taya ẹ̀yìn méjèèjì jẹ tán, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n lọ ra òmíràn ní Igbókòdá.

Èbúté ni àwa ọmọ etí omi ti kọ́kọ́ mọ taya, Ẹ̀bùn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. A máa ń so ó mọ́ òpó èbúté kí ọkọ̀ má bàa fara gbá pákó. Ara taya ni ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ máa ń gùn bẹ́ sómi, tí ìyá rẹ á sì mú pankẹ́rẹ́. Èyí tó bá le gbagidi, tí èékánná kò wọ̀, òun ni a máa ń yàn fún èbúté. Iṣẹ́ tèmi náà tún bù kún àṣìṣe tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Pákó tútù kì í ṣe pákó ọkọ̀. Ẹni tó bá fi kan ọkọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ á ya. Pákó tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tó ti gbẹ, tó ti lo gbogbo ìbínú rẹ̀ tán, òun là ń fẹ́. Bí oníbàárà bá wọlé, tí mo bá sọ fún un pé pákó yìí ti gbó, ẹ̀rín ni yóò fi san owó rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta taya wọ ẹ̀yìn ilé ìtajà rẹ̀ lọ, ó yí taya méjì jáde, ó fi aṣọ nu eruku ara wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí ò tíì tẹ ilẹ̀ rí, ó kàn ti gbó díẹ̀ ni."

Wo ọ̀rọ̀ tó sọ. Olóòótọ́ ni ọkùnrin náà, ó sọ fún mi. Èmi ni mo gbọ́ "gbó" ti káfíńtà. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò wọ̀. Mo fi ìkúùkù gbá a bí mo ṣe ń gbá pákó wò, ó dún bí igi. Mo ní, "Arákùnrin, o ò mọ ohun tí o fẹ́ tà. Kó wọn wá kí ọkàn rẹ tó yí padà." Mo gbé taya méjèèjì délé pẹ̀lú ayọ̀, mo sì ń ṣàánú ẹni tó tà á fún mi.

Lọ́jọ́ kan, oòrùn mú, ẹja kún bọ́ọ̀sì, ìyá rẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. A ti kọjá Òkìtìpupa. Ìyá rẹ ní òun ń gbóòórùn nǹkan kan. Mo ní ẹja ni.

Ó ní, "Èmi tí mò ń yan ẹja láti kékeré, ṣé ẹja ni o fẹ́ẹ́ júwe fún mi?"

Mo ní ẹ̀rù ọ̀nà ló ń bà á. Ó gbá ojú fèrèsé mú. Kò pẹ́ sígbà náà ni nǹkan dún gbàù lẹ́yìn wa. Taya apá ọ̀tún bó bí èèpo ẹ̀gẹ́, ó fi awọ rẹ̀ sílẹ̀ sójú títì. Ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síhìn-ín, ó ń lọ sọ́hùn-ún. Ẹni tó dàgbà sórí ilẹ̀ á ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Èmi, ọmọ omi, ohun tí ara mi mọ̀ ni mo ṣe. Lórí omi, bí ìgbì bá gbá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ni o máa fún ẹ́ńjìnnì kí o lè fi orí ọkọ̀ kọ ọ́. Mo tẹ iná. Bọ́ọ̀sì fò kúrò lójú títì, ó wọ oko ẹ̀gẹ́ olóko, kò sì dúró títí ẹ̀gẹ́ fi gbà á mú.

A kò kú. Ẹja dà sílẹ̀ káàkiri oko náà. Ọrùn ọwọ́ òsì ìyá rẹ dá. Ibi tó máa ń dá ẹ̀rín dúró díẹ̀ nìyẹn bó bá ń sọ ìtàn náà, á wá tètè bọ́ sórí bí àwọn ajá abúlé ṣe ń jẹ ẹja wa níṣojú wa. Wọ́n to eegun náà, ó sì jinná, ṣùgbọ́n ìwọ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ọwọ́ náà kò tẹ̀ dáadáa dòní. Ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá ń yí ẹja lórí ààrò, mo máa ń wo ọwọ́ yẹn. Kò bá mi jà lé e lórí rí. Ìbá sàn kó bá mi jà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wo taya kejì, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì rí ìlà wẹ́wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí ilẹ̀ tí oòrùn sán. Mo ṣàlàyé fún un pé taya náà gbó ni mo ṣe rà á. Ó wò mí títí. Ó ní, "Àbúrò mi, pákó ló ń gbó bí àgbàdo. Rọ́bà, bí aṣọ ló ṣe ń gbó."

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn: béèrè ọjọ́ orí taya kí o tó béèrè ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Wá nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ papọ̀ sínú àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é nínú ọdún, méjì ìkẹyìn ni ọdún náà. Ìwọ kì í gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ láìwo déètì ara ìgò oògùn, bẹ́ẹ̀ náà ni kí o wo ti taya. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ fún ọ pé nọ́ńbà náà ti parẹ́, kí ìwọ náà parẹ́ níwájú rẹ̀. Bó bá sì sọ pé kò tíì tẹ ilẹ̀ rí, rántí pé bàbá rẹ náà ti gbọ́ ọ rí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tokunbọ̀. Mo mọ̀ pé ní Àkúrẹ́ yín, ọ̀rọ̀ náà dùn létí, wọ́n á ní tokunbọ̀ sàn ju tuntun tí kò dára lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n àwa là ń gbé etí òkun, a sì mọ ohun tó ń ti òkun bọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi ní Aràròmí, kí òkun tó gba àdúgbò wọn, bí omi bá gbé nǹkan wá sí etíkun láàárọ̀, kò sí ẹni tó máa gbé e lọ sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á yí i, wọ́n á wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n á wo inú rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí òkun bá dá padà, ó nídìí tó fi dá a padà. Ẹni tó bọ́ taya kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ nílùú òyìnbó náà nídìí tó fi bọ́ ọ. O kò mọ bó ṣe pẹ́ tó lábẹ́ oòrùn, o kò mọ òkúta tó gbá. Bí ipá bá ká a, tuntun ni kí o rà. Bí ipá kò bá ká mẹ́rin, ra tuntun méjì fún àwọn tó burú jù, kí o sì dúró de èyí tó kù, dípò kí o kó tokunbọ̀ mẹ́rin. Bó bá di dandan kí o ra tokunbọ̀, jẹ́ kí wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò kí o rí i bóyá wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, ibi tó bá wú bí oówo, má mú un. Ọ̀rọ̀ owó, ìyá rẹ yóò pè ọ́ lé e lórí, n kò ní fi ìyẹn ba lẹ́tà mi jẹ́.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, wo ara òpó ilẹ̀kùn náà. O ó rí ìwọ̀n taya tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fẹ́ kí o lò, àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Yà á ní fọ́tò sínú fóònù rẹ kí o tó lọ ra nǹkan kan. Ẹni tó ń ta taya lè ní, "Àǹtí, èyí náà máa wọlé." Bàtà ìyá rẹ máa ń wọ ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n o kò rí mi rí kí n wọ̀ ọ́ jáde.

Wàyí o, gbọ́ èyí dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni àwa ọmọ etí omi ti máa ń ṣubú jù. Láti kékeré la ti kọ́ yín pé ohun tó ń léfòó ló dára, ohun tó ń rì ló burú. Ọkọ̀ ojú omi ni ìyẹn. Taya kò gbọdọ̀ léfòó. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí omi bá dúró lójú títì, tí o sì ń sáré, eyín taya ló ń gé omi náà, tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí rọ́bà lè tẹ ilẹ̀. Bí eyín bá ti jẹ tán, omi á gbé taya náà sókè, ọkọ̀ rẹ á máa léfòó lójú títì. Sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó máa ń dùn mọ́ ẹni tó dàgbà sínú ọkọ̀ ojú omi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ó dùn mọ́ èmi náà rí, títí mo fi yí sítíárì tí ọkọ̀ kò sì dá mi lóhùn. Torí náà, "wọ́n ṣì ní eyín díẹ̀" tí o sọ yẹn, díẹ̀ náà kò tó. Wo inú kòtò tó wà láàárín eyín, o ó rí gegele kékeré tí àwọn tó ṣe taya fi síbẹ̀. Bí orí eyín bá ti ń bá gegele náà dọ́gba, iṣẹ́ taya náà ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì dúdú, ó ṣì ń dán. Bí òjò bá sì rọ̀ lórí taya tuntun pàápàá, rọra. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.

Bó bá jẹ́ méjì lo rà, mẹkáníìkì rẹ lè fẹ́ fi wọ́n síwájú, á ní iwájú ni ọkọ̀ fi ń ríran. Fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé rárá, ẹ̀yìn ni kó fi wọ́n sí. Níbi tí a ti bí ọ, ẹ̀yìn la ti ń darí ọkọ̀. Bí ìdí bá ti yọ̀, orí kò mọ ibi tó ń lọ mọ́. Bí iwájú bá ń yọ̀, o ṣì lè dẹsẹ̀ kó padà bọ̀ sípò. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, o ti di èrò inú ọkọ̀ rẹ nìyẹn. Bí kò bá gbà, ní bàbá rẹ ń kan ọkọ̀. Má sọ irú ọkọ̀ tó ń kàn.

Afẹ́fẹ́: àárọ̀ ni kí o wọ̀n ọ́n, kí taya tó gbóná. Géèjì ni kí fọkanáísà fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kí ó fẹsẹ̀ ta á kó ní ó ti tó. Taya tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń gbóná lábẹ́ ẹrù, òórùn tí ìyá rẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Taya ìrọ́pò inú búùtù ńkọ́, ìgbà wo lo ti wò ó mọ? Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa ti lágbára tó, o kò rí i kí n kúrò ní èbúté láìmú àjẹ̀ dání. Bí taya bá sì bẹ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má tẹ bíréèkì, má ṣe bí bàbá rẹ, má tẹ iná. Di sítíárì mú ṣinṣin, gbé ẹsẹ̀ kúrò, jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ti sọ ti taya tán. Ó ku ti ọkàn.

Mo mọ ohun tó ń lé ọ, Ẹ̀bùn. Kì í ṣe ìwà àìbìkítà. Ìyá àgbà ti sọ fún gbogbo Òde Mahin pé lọ́jọ́bọ̀, ọmọ ọmọ wọn ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé wọn lọ la ojú ní Àkúrẹ́. Wọ́n ti yan aṣọ. Àwọn obìnrin ìdí ààrò ti ń sọ pé àwọn yóò bá wọn dé èbúté Igbókòdá láti rí ọkọ̀ náà. Ojú gbogbo wa wà lára rẹ, o sì mọ̀ ọ́n. O kò fẹ́ pe ìyá àgbà kí o sọ pé taya ni kò jẹ́ kí o wá. Ìgbéraga wa ni ẹrù tó wúwo jù nínú ọkọ̀ yẹn, àwa ni a sì dì í lé ọ lórí, èmi Bàbá Ọlọ́kọ̀ sì ni olórí wọn. Jọ̀ọ́, já ẹrù náà sílẹ̀. Bí taya kò bá tíì wọlé kí ọjọ́bọ̀ tó pé, má wá. Sọ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ kí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ mìíràn. Ìwọ gan-an lo sọ fún mi pé irú àìsàn ojú tiwọn ṣì lè dúró díẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo lè dúró lórí afárá pákó kí n sọ fún ẹni gbogbo pé ọkọ̀ ọmọ mi kò tíì múra tán. N kò lè dúró níbẹ̀ sọ òmíràn.

Ohun kan ló kù tí ń bà mí lẹ́rù, bí n ó ṣe sọ fún ìyá àgbà fúnra wọn. Mo wá sọ fún wọn láàárọ̀ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ìyá mi, ó ṣeé ṣe kí Ẹ̀bùn má lè wá lọ́jọ́bọ̀. Taya ọkọ̀ rẹ̀ kò dára tó láti gbé yín." Ọkọ̀ kan ń kọjá lọ, wọn kò dárúkọ ẹni tó ni ín, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti wọlé. Mo rò pé wọ́n ń sunkún, nítorí aṣọ tí wọ́n ti yàn wà lórí itan wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àwọn sínú ìwé bí àwọn ṣe sọ ọ́. Ohun tí wọ́n wí nìyí:

"Kò burú. Sọ fún un kí ó fara balẹ̀. Ọkọ̀ ni mo fẹ́ẹ́ rí bí? Mo ti rí ọkọ̀ rí, èmi mo bí ẹni tó ń kàn án. Òun ni mo fẹ́ẹ́ rí, bó ṣe jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá là mí lójú tán, tí méè bá Ẹ̀bùn níbẹ̀, kí wọ́n gha dì í padà."

Bàbá rẹ ní etí omi.